Ẹnu Olóṣèlú, Kálámù Oníròyìn àti Orúkọ Àwọn Ọmọ Sòmálíà

Nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà Yorùbá fi ń mọ ọmọlúàbí, ọ̀rọ̀ sísọ ló máa ń ṣíwájú. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ọrẹ tí ènìyàn ń ta lè jẹ́ àṣehàn, ìkíni lè jẹ́ ti ojú ayé, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá sọ nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí kò sì lágbára láti gbẹ̀san, ni ìwà rẹ̀ fi ń hàn kedere. Ìwà, bí àròkọ yìí ṣe lò ó, ni ohun tí ènìyàn ń ṣe léraléra títí tó fi mọ́ ọn lára, yálà ojú ń wò ó tàbí ojú kò wò ó. Ọmọlúàbí ni ẹni tí ìwà yìí bá dára lọ́wọ́ rẹ̀: ó ń sọ òtítọ́, ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ó ń fún ẹlòmíràn ní ọ̀wọ̀ tí òun náà ń fẹ́, kì í sì í gbé ẹ̀bi ẹnìkan ru ẹlòmíràn.

Ohun tí mo mẹ́nu bà kẹ́yìn yìí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí á kọ́kọ́ ya ohun méjì tó jọra sọ́tọ̀. Ẹ̀tanú ni kí ènìyàn ti dá ẹjọ́ nínú ọkàn rẹ̀ kí ẹ̀rí tó dé. Ìdálẹ́bi alágbàájọ ni kí ènìyàn mú ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnìkan tàbí ẹni mẹ́wàá dá, kí ó sì gbé e lé orí gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n ti wá. Ẹ̀tanú lè wà lọ́kàn ènìyàn títí ó fi kú láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ìdálẹ́bi alágbàájọ ní tirẹ̀ jẹ́ ìṣe; ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, etí ni wọ́n fi ń gbà á gbọ́. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ẹ̀bi rẹ̀ fi ń tẹ̀lé ìwọ̀n ipò ẹni tó sọ ọ́. Bí alágbàṣe kan bá jókòó sídìí ẹmu tó ní olè ni gbogbo ará ìlú kejì, ọ̀rọ̀ náà lè má kọjá ibi tí wọ́n ti ń mu ún. Bí ẹni tó ní ọlọ́pàá, tó ní ọmọ ogun, tó ní kálámù tí a fi ń buwọ́ lu ìwé ìlénilọ bá sọ irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣẹ kó tó délẹ̀.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ mínísítà rẹ̀ ní Washington, àwọn ayàwòrán tẹlifíṣàn sì wà níbẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ àwọn ọmọ Sòmálíà ní orílẹ̀-èdè òun. Ó pe Ilhan Omar, tó ń ṣojú Minneapolis nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní pàǹtírí, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan náà kan àwọn tó yí i ká. Kò ka ẹ̀sùn kan sí gbogbo àwọn ènìyàn tó bú pọ̀ yìí lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò pe ẹlẹ́rìí, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn níbẹ̀ tó lè fèsì. Ilhan Omar tó dárúkọ yìí, Mogadishu ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1982. Ó gbé ní àgọ́ ogúnléndé ní Kẹ́ńyà fún bí ọdún mẹ́rin, ó dé Amẹ́ríkà ní 1995, ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní 2000. Ènìyàn lè takò gbogbo ìlànà òṣèlú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ̀tọ́ ẹni náà ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2019, nígbà tí èrò ń pariwo ní ìpàdé ìpolongo kan ní Greenville, North Carolina, pé kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá, kì í ṣe ìlànà òṣèlú ni wọ́n ń takò. Ibi tí wọ́n ti bí i ni wọ́n sọ di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó lè wẹ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ nù kúrò lára rẹ̀.

Èmi kò ní kí olóṣèlú má ráhùn. Ìlú lè kún jù, owó ìlú lè gbẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2002, méyọ̀ Lewiston ní ìpínlẹ̀ Maine, Laurier Raymond, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí àwọn ọmọ Sòmálíà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìlú rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Ìlú náà kò tóbi, kò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì ènìyàn lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Kò bú wọn. Ó kàn ní kí wọ́n sọ fún àwọn ará wọn kí wọ́n dẹwọ́ wíwá, nítorí agbára ìlú ti pin. Ó ṣòro láti ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìrànwọ́ kì í hù bí ewé. Ibi tó ti ṣìnà ni ẹni tó kọ ọ́ sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ló ní àpò owó tó ń wá, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní àpò kankan lọ́wọ́ ló ránṣẹ́ sí, bí ẹni pé bàbá kan ní ìdí ilé kan ní Lewiston lè fi ìka dá ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ogun lé nílùú dúró. Àwọn àgbààgbà Sòmálíà fi lẹ́tà tiwọn fèsì pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, ẹgbẹ́ kan tó gbà pé aláwọ̀ funfun ló ga ju gbogbo ènìyàn lọ wá ṣe ìpàdé ní Lewiston nítorí lẹ́tà yìí. Ìwọ̀nba mélòó kan péré ni wọ́n, àwọn tó sì péjọ ní Bates College lọ́jọ́ kan náà láti gbè sẹ́yìn àwọn àlejò tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Méyọ̀ náà kò pe ẹgbẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pè wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ olórí máa ń rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ jókòó tì.

Ta tilẹ̀ ni àwọn ọmọ Sòmálíà yìí? Ìjọba Siad Barre ṣubú ní Mogadishu ní oṣù Kìíní ọdún 1991, ogun abẹ́lé sì tú ìlú ká. Ọ̀pọ̀ sá wọ Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti dá àgọ́ Dadaab sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Láti ibẹ̀ ni àwọn àjọ ìjọ Kristẹni, Lutheran àti Kátólíìkì, ti ran ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí yìí lọ́wọ́ láti fìdí kalẹ̀ ní Minnesota, ìpínlẹ̀ yìnyín tí ẹni tó bá ti Mogadishu wá kò lè rò lọ́kàn. Ní ìlú Marshall, iṣẹ́ pípa àti gígé tòlótòló ló gbà wọ́n. Ẹni tó bá dúró tì í láti òwúrọ̀, ọwọ́ inú omi dídì, ọ̀bẹ ń lọ ń bọ̀, kò nílò kí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ó kàn nílò kí ó lè dúró. Lónìí, àwọn tó ti ìran Sòmálíà wá ní ìpínlẹ̀ náà tó bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, bóyá nípa ìbí, bóyá nípa ìwé. Ní Cedar-Riverside, níbi tí ilé gogoro Riverside Plaza wà, wọ́n ń wa takisí, wọ́n ń tọ́jú arúgbó, wọ́n ń ta sambusa, wọ́n ń dìbò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìròyìn tó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn máa ń fo gbogbo èyí kọjá, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ kì í di àkọlé.

Ẹjọ́ kan wà tó ti parí, tí kò sí ìjà òṣèlú lórí rẹ̀ mọ́, tí a sì lè tipa rẹ̀ wo ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn atukọ̀ Sòmálíà ti ń gbé ní èbúté Cardiff ní Wales. Àwọn ni wọ́n ń ko èédú sínú iná ọkọ̀ òkun Ìlú Ọba. Mahmood Hussein Mattan jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó fẹ́ ọmọbìnrin Wales kan tó ń jẹ́ Laura Williams, wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́ta, àwọn ará àdúgbò sì fi ìgbéyàwó náà ṣe èébú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1952, wọ́n pa obìnrin oníṣòwò kan nínú ilé ìtajà rẹ̀, owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn sì pòórá. Mattan ni àwọn ọlọ́pàá gbé. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan tó rí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú nítòsí ibẹ̀ wò ó, ó ní òun kọ́. Wọn kò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ gbọ́ èyí. Ẹlẹ́rìí pàtàkì tí wọ́n gbé kalẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe Sòmálíà mìíràn tí kò jọ Mattan. Wọn kò fi ìyẹn náà han agbẹjọ́rò rẹ̀. Owó ẹ̀san sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá lè júwe apànìyàn náà.

Gbogbo èyí burú, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ ti Mattan nìkan ni ohun tó jáde lẹ́nu agbẹjọ́rò rẹ̀, ẹni tí wọ́n yàn láti gbà á sílẹ̀. Nígbà tó ń bá ìgbìmọ̀ adájọ́ sọ̀rọ̀ fún un, ó pè é ní ìdajì ọmọ ìgbẹ́, ìdajì ẹhànnà tí ọ̀làjú kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Ó ṣeé ṣe kí ó rò pé àánú lòun ń fi èyí wá fún oníbàárà òun. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹjọ́ náà, nítorí ó fi hàn pé ẹni tó ń ṣojú rere pàápàá lè sọ̀rọ̀ bí ọ̀tá bí ó bá ti gba àwòrán tí ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ àdúgbò ti yà sí i lọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo ìdálẹ́bi ló ń ti ọ̀dọ̀ ìkórìíra wá. Òmíràn ń wá láti inú ọ̀lẹ ọkàn, èyí tí í ṣe kí ènìyàn yá àwòrán tó ti wà nílẹ̀ lò dípò kí ó wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀lẹ ọkàn yìí jẹ́ àbùkù ìwà bí irọ́ pípa ṣe jẹ́, nítorí ọmọlúàbí kì í ṣe ẹni tí kò ní ibi lọ́kàn nìkan, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣe wàhálà láti mọ òtítọ́.

Wọ́n yẹgi fún Mattan ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1952, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Cardiff. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà láti bẹ̀ ẹ́ wò, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ló sọ fún un pé ó ti di opó. Ọdún 1998 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ náà, ọdún 2022 ni àwọn ọlọ́pàá South Wales tó tọrọ àforíjì. Laura ti kú ní 2008. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni òwe náà, irọ́ yìí tilẹ̀ lọ ju ogún ọdún lọ lẹ́ẹ̀mejì, òtítọ́ sì bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni òwe náà ń tù nínú. Kò sọ ohun kan nípa ẹni tí irọ́ ti pa kí òtítọ́ tó dé ọ̀nà.

Irú ìrìn-àjò òtítọ́ bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001. Al-Barakaat ni ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù tí àwọn ọmọ Sòmálíà fi ń fowó ránṣẹ́ sílé: ènìyàn á san dọ́là ní Minneapolis, ìyá rẹ̀ á gba owó náà ní ìlú tí kò ní báńkì kankan. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Ààrẹ George W. Bush fúnra rẹ̀ kéde lórí tẹlifíṣàn pé ọ̀nà owó àwọn apániláyà ni, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Ní 2004, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó wádìí ìkọlù náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò rí ẹ̀rí gidi tó so ilé-iṣẹ́ náà mọ́ iṣẹ́ apániláyà. Ààrẹ ló kéde ẹ̀sùn, ìwé ìwádìí tí ìwọ̀nba ènìyàn kà ló wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nígbà náà ni ìbéèrè tó le jù dé: bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà ní tòótọ́ ńkọ́? Ó wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ènìyàn 47 ní Minnesota pé wọ́n jí àádọ́ta-lé-nígba mílíọ̀nù dọ́là nínú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi bọ́ ọmọdé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ tí kò sí, wọ́n ní àwọn bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lójúmọ́ níbi tí ọmọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fi owó náà ra ilé àti ọkọ̀ olówó ńlá. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ́ ọmọ Sòmálíà. Kíkọ èyí sínú ìwé ìròyìn kì í ṣe ìbanilórúkọjẹ́, nítorí ìbanilórúkọjẹ́ ni kí a fi irọ́ tàbí àsọdùn tẹ́ ènìyàn. Ẹni tó bá fi í pamọ́ nítorí ojú àánú ti ṣẹ̀ sí àwọn ọmọ tí ebi ń pa, ó sì ti ṣẹ̀ sí àwọn ọmọ Sòmálíà tí ọwọ́ wọn mọ́. Àjọ Feeding Our Future, tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà, ti lo ìbẹ̀rù kí wọ́n má baà pe ènìyàn ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà bí apata: nígbà tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè ní 2020, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní wọ́n ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí àwọn tí òun ń ṣiṣẹ́ fún. Mo ka èyí sí ìwà ìkà. Ẹni tó bá fi ìyà tó jẹ àwọn ẹlòmíràn ní tòótọ́ bo olè tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ba igbe àwọn tí ìyà yóò jẹ lọ́la jẹ́.

Ṣùgbọ́n olórí àjọ yẹn, Aimee Bock, tí ìgbìmọ̀ adájọ́ dá lẹ́bi ní oṣù Kẹta ọdún 2025, obìnrin aláwọ̀ funfun ni. N kò tíì gbọ́ kí olóṣèlú kan ní kí wọ́n lé àwọn aláwọ̀ funfun kúrò ní Minnesota nítorí rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tó tọ́ sí i yìí náà ló tọ́ sí awakọ̀ takisí tó ń gbé ní Cedar-Riverside, tí kò gbọ́ nípa owó oúnjẹ ọmọdé títí tó fi ka á nínú ìròyìn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, tó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn ní kékeré. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó wà nínú ìgbìmọ̀ adájọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò sí nílé. Àlejò náà gbé àpò ẹ̀bùn fún ẹbí rẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn, ó ní owó wà nínú rẹ̀, òmíràn á sì tún dé bí ó bá dìbò pé kí wọ́n dá àwọn olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Owó tó wà nínú àpò náà tó bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà dọ́là, owó ìwé lóríṣiríṣi. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà délé tí wọ́n sọ fún un, ọlọ́pàá ló pè. Kò kà á, kò sùn lé e. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Àwọn yòókù sì dá ẹjọ́ náà. Olùjẹ́jọ́ méje ló wà níwájú wọn, wọ́n dá márùn-ún lẹ́bi, wọ́n dá méjì sílẹ̀. Ó yẹ kí á dúró lórí èyí díẹ̀. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú láti fi owó ra ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó rọrùn láti gbá gbogbo àwọn olùjẹ́jọ́ mọ́ ara wọn. Síbẹ̀ àwọn tó dá ẹjọ́ náà mú orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀sùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ará ìlú lásán ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn kò ní sùúrù láti ṣe.

Oníròyìn kì í fi ìbínú ṣi ẹsẹ̀ gbé bíi ti olóṣèlú. Yíyàn ló fi ń ṣe é, ohun tó fi síwájú àti ohun tó fi sẹ́yìn. Ní 2012, Mo Farah gba góòlù mítà 10,000 àti 5,000 ní London, ti Ìlú Ọba sì ni góòlù náà. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ó sọ fún BBC pé Hussein Abdi Kahin ni orúkọ òun gan-an, pé obìnrin kan ló kó òun wọ Ìlú Ọba ní bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú orúkọ ọmọ ẹlòmíràn, tó sì sọ òun di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìjọba ní òun kò ní ṣe ohun kankan sí i, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọdé kì í ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó jí i gbé. Ṣùgbọ́n àánú tó bá dúró de góòlù kí ó tó dé kì í ṣe àánú ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ fíìmù náà kò yàtọ̀ púpọ̀: nígbà tí Hollywood wá àwọn ọmọ Sòmálíà lọ sí Minneapolis, ajalèlókun inú Captain Phillips ni wọ́n wá wọn fún. Barkhad Abdi, tó ti wa ọkọ̀ fún àwọn èèyàn ṣáájú ìgbà náà, ṣe é dáadáa débi pé wọ́n yàn án fún ẹ̀bùn Oscar.

Àwòrán tí a bá ń yà lójoojúmọ́ kì í jókòó sórí ògiri. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, wọ́n mú ọkùnrin mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Kansas tí wọ́n ń gbèrò láti ju bọ́ǹbù sí ilé kan ní Garden City. Àwọn ọmọ Sòmálíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹran ló ń gbé ilé náà, wọ́n sì ń kírun nínú yàrá kan níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 25, 26 àti 30 ni wọ́n rán wọn. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, àwọn kan láti Illinois ju bọ́ǹbù sí ọ́fíìsì imam ní mọ́ṣáláṣí Dar Al-Farooq ní Bloomington, Minnesota, ní àsìkò ìrun àárọ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sí ẹni tó fara gbọgbẹ́. Kò sí ẹ̀rí pé olóṣèlú kan rán ẹnikẹ́ni nínú wọn níṣẹ́, bí mo bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ń bá àwọn ẹlòmíràn wí fún ni èmi náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta ti Kansas bẹ adájọ́ pé kí ó ro ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò ọdún 2016 mọ́ ọn, pé ọ̀rọ̀ náà kópa nínú ohun tí oníbàárà òun dì. Kì í ṣe ọmọ Sòmálíà ló sọ èyí, kì í ṣe alátakò Ààrẹ ló sọ ọ́. Ẹni tó ń gbẹjọ́ rò fún ẹni tó gbèrò bọ́ǹbù ló sọ ọ́.

Ọmọ Yorùbá kò lè ka ìtàn yìí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Èjìgbò àti Ìnísà, tí ọ̀pọ̀ wọn ti bímọ síbẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n wálé lọ́wọ́ òfo. Ohun tí wọ́n sọ nípa wọn nígbà náà ni pé wọ́n gba ọjà mọ́ onílé lọ́wọ́, pé wọ́n ń ṣe fàyàwọ́, pé ọ̀daràn kún inú wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì jáde ní Nàìjíríà, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́. A fi ìpọ́njú wọn sọ àpò ní orúkọ, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà títí dòní. Ìyà tó jẹ ènìyàn kì í kọ́ ọ ní ìwà fúnra rẹ̀. Ó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn olóòtú wa náà. Àwọn ìròyìn Minnesota yìí ń dé Ìbàdàn àti Èkó láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn òkèèrè, a ń túmọ̀ wọn, a ń kà wọ́n lórí rédíò pẹ̀lú àkọlé tí wọ́n bá wá. Ẹni tó ń túmọ̀ lè kọ “àwọn Sòmálíà jí owó oúnjẹ ọmọdé.” Ó sì lè kọ “ilé-ẹjọ́ dá ènìyàn márùn-ún lẹ́bi, ó dá méjì sílẹ̀.” Gígùn àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àkókò tí wọ́n ń gbà lórí afẹ́fẹ́ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, èkejì nìkan ló sì bá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé-ẹjọ́ náà mu.